Èmi àti Àbúrò Mi Lábẹ́ Apá Bàálù

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Alhaji Abdulrauf, ọ̀gá mi, ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo rò pé ọ̀rọ̀ táyà iwájú ni. Wọ́n ní kí n jókòó. Tí Alhaji bá ti ní kí èèyàn jókòó, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn ara wọn nìyẹn, ká kàn gbà á ló kù.

Wọ́n ti ra ọ́tòpáìlọ́ọ̀tì fún bàálù wa. Kápútéènì Àyàntúndé ti ń ráhùn láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá pé iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ yìí ń pa òun lápá. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa wa bàálù gbà, torí kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ kò fẹ́ kó yà síbì kankan. Ẹ̀rọ yìí á máa bá wọn di bàálù mú. Inú mi dùn. Mo ní, "Alhaji, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Tí àbúrò ẹ bá ti dé láti Accra."

Wọ́n ti bá Dára sọ̀rọ̀ láti oṣù tó kọjá. Òun ni olórí iṣẹ́, èmi ni n ó máa ràn án lọ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú bàálù yìí nínú oko Alhaji, kò sí síkúrù kan lára rẹ̀ tí ọwọ́ mi ò mọ̀. Mo ní kò burú. Mo gbéra, mo gun ọ̀kadà wá sílé ní Ayétòrò. Mi ò rántí ojú ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 8

Màmá ti mọ̀ ṣáájú mi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń nu fèrèsé yàrá Dára. Wọ́n ti ra ẹja gbígbẹ sílẹ̀ dè é, ẹja tó ti wọ́n bí ojú yìí. Wọ́n ní, "Délé, ọmọ tí Bàbá yín rán lọ sí Zaria ti di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí láti ilẹ̀ òkèèrè."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Èmi náà yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Zaria nígbà yẹn. Ọdún yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílé.

Ẹtì, 10

Ó dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó rí i dáadáa, nínú eruku, láàárín àwọn tírélà, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn." Gbogbo ojú ọ̀nà ni ó ń bi mí léèrè nípa bàálù: báwo ni bátìrì rẹ̀, báwo ni okùn inú apá rẹ̀, ṣé rédíò ṣì ń pariwo. Ó ń pè mí ní "ẹ̀yin" nínú gbogbo gbólóhùn. Ì bá rọrùn fún mi ká ní ó ya aláfojúdi.

Àìkú, 12

Wọ́n ní kí Dára dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ Olóògbé Tíṣà wa, tó ń tún bàálù ṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Adéwùnmí ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n tú ojú ká.

Ìṣẹ́gun, 14

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ooru pọ̀ lábẹ́ páànù. A tú pátákó iwájú ìjókòó awakọ̀ kalẹ̀, a sì tẹ́ wáyà sórí ẹní. Dára mọ iṣẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ níbí torí pé mi ò lè sọ ọ́ jáde. Kì í wá nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ tààrà síbi tí nǹkan wà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wáyà yìí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ti rédíò."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà, lórí rédíò Bàbá tó bàjẹ́, nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù padà.

Ẹtì, 17

Òjò láti òwúrọ̀. A ò ṣe nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 18

Kápútéènì wá wo iṣẹ́. Òun àti Dára jókòó síwájú bàálù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nípa pápákọ̀ òfurufú kan ní Gánà tí àwọn méjèèjì mọ̀. Èmi wà nísàlẹ̀, mo ń fi aṣọ nu ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Kápútéènì ní, "Ẹnjiníà, ó dàárọ̀ o." Ọ̀dọ̀ Dára ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Délé, bá mi wo atẹ́gùn táyà yẹn."

Láti ọdún mẹ́sàn-án, Délé ni mo ń jẹ́.

Ajé, 20

Òní ló kan mọ́tò inú apá ọ̀tún. Mọ́tò yìí ni yóò máa fa okùn irin tó ń gbé etí apá sókè sódò kí bàálù lè yà. Okùn kékeré kan ló so òun àti okùn ńlá pọ̀. A máa yí i mọ́ kẹ̀kẹ́ orí mọ́tò, a ó sì dè é ní ìhà méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Dára wólẹ̀ sábẹ́ apá, ó fi ìka ya àwòrán rẹ̀ sínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gba iwájú wọlé, kó gba ẹ̀yìn jáde."

Mo ní mo ti gbọ́. Fóònù rẹ̀ dún, ó jáde lọ gbé e. Ẹ̀rín rẹ̀ ń dé etí mi níbi tí mo wà. Mo rò pé Kápútéènì ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo yí okùn náà, mo fà á le bó ṣe yẹ, mo dé ìdérí padà, mo sì fi síkúrù sí i.

Ó padà wọlé. Ó wo ìdérí náà. "Ṣé ó gba iwájú wọlé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Dára, ṣé iṣẹ́ tí mo kọ́ ẹ lo fẹ́ wá kọ́ mi?"

Súkúrúdírẹ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú. Ó wá tẹríba. "Ẹ má bínú, sà."

Ọjọ́rú, 22

Iná wọ inú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ tàn, búlúù, ó ń ṣírò nǹkan tirẹ̀. Alhaji mú fóònù jáde, wọ́n ya Dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìka. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú.

Àbámẹ́ta, 25

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dán an wò lórí ilẹ̀. Alhaji wà níbẹ̀, Kápútéènì wà níbẹ̀, Màmá pàápàá ní kí Adéwùnmí mú àwọn wá. Dára ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣítíárìn. Ó yí bọ́tìnnì ojú ẹ̀rọ sí ọ̀tún. Ó yẹ kí ṣítíárìn yí sí ọ̀tún.

Òsì ló yí sí.

Ó tún un ṣe. Òsì. Ó yí i sí òsì, ṣítíárìn lọ sí ọ̀tún. Kápútéènì ní, "Tó bá jẹ́ pé òkè la wà ńkọ́?" Alhaji bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Dára wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́, Alhaji. Ẹ̀bi mi ni. N ó wá ibi tó wà."

Mo fẹ́ kọ òótọ́ sínú ìwé yìí. Nígbà tí ṣítíárìn yẹn yí sódì, nǹkan kan tú nínú àyà mi bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ bàtà tó há. Mo rò ó pé òun náà lè ṣìṣe. Mo wo Màmá. Wọ́n wolẹ̀. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì dùn gan-an.

Àìkú, 26

Màmá ní, "Délé, ran àbúrò ẹ lọ́wọ́. Ìwọ lo dàgbà." Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán.

Ajé, 27

Ó tú gbogbo wáyà iwájú ìjókòó, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbé e fún un, mo ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Alhaji ti pe àwọn ẹnjiníà kan ní Èkó pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ lórí fóònù: "Ọmọ náà mọ̀wé, àmọ́ bàálù kì í ṣe ìwé."

Nígbà tí Dára lọ ra oúnjẹ, mo mú súkúrúdírẹ́bà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi mú un. Bóyá mo fẹ́ fi dá ara mi lójú pé àṣìṣe náà kì í ṣe tọwọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ apá ọ̀tún, mo ṣí ìdérí, mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yìn ni okùn gbà wọlé. Iwájú ló gbà jáde.

Mo rántí ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níta, inú ń bí mi, ọwọ́ mi sì ṣe bó ṣe wù ú. Mo dé ìdérí padà. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí títí ó fi dé. Ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà fún mi.

Ìṣẹ́gun, 28

Mi ò sọ ọ́.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo bọ̀, mi ò sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu. Mo ń rò pé tí àwọn ará Èkó bá dé, wọ́n á rí i, kò ní sẹ́ni tó máa bi ọwọ́ ta ló ṣe é, torí orúkọ Dára ló wà lórí iṣẹ́. Yóò padà sí Accra. Bàálù á padà di tèmi.

Adéwùnmí gbé ọbẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn kúrò níwájú mi. Ó ní, "Bàbá Ìtẹ́, ẹ ti ń jowú ọmọ yìí láti ọjọ́ tó dé, mo sì dákẹ́. Àmọ́ ti àná àtòní yìí, kì í ṣe owú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Kí lẹ ṣe?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní ó dáa, ó lọ fọ abọ́.

Ọjọ́rú, 29

Dára wà lórí àpótí irinṣẹ́ nígbà tí mo dé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, n ò ní sọ ọ́.

"Dára, okùn apá ọ̀tún yẹn, èmi ni mo yí i sódì."

Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí a dán an wò. Lẹ́yìn tí gbogbo yín lọ sílé, mo ṣí i."

"Kí lo wá ń tú wáyà kiri fún láti ijọ́ yẹn?"

"Mò ń dúró dè yín ni."

Mo ní, "O ṣeun tó o bò mí láṣìírí."

Ó gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò bò yín láṣìírí, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa jẹ́ kí wọ́n lé mi lọ ni. Mo lè fi kọ̀ǹpútà yí ẹ̀rọ yẹn sódì kó bá okùn yín mu, ìṣẹ́jú kan ni. Mi ò ṣe é. Mo ní kí n wo bí ọkàn yín ṣe rí sí mi."

"Àná ni mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Àná ti lọ." Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. "Èmi náà jẹ̀bi. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fi ọ̀wọ̀ pa iṣẹ́ mi lára. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá máa ń sọ fún mi lórí fóònù? Délé ló tún òrùlé ṣe. Délé ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Délé ló di Bàbá ẹ mú títí wọ́n fi dákẹ́. Láti ọdún tí mo ti kúrò nílé. Bàálù wo ni mo lè tún ṣe láyé tó máa tó ìyẹn?"

Mo ní, "Èmi, ọ̀rọ̀ tìẹ ni wọ́n máa ń sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

A jọ lọ bá Alhaji. Kápútéènì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Ajé tí mo rí i tí mo sì dé ìdérí padà. Alhaji ní, "Délé, n ó sọ fún àwọn ará Èkó pé kí wọ́n má wá mọ́. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ dé ohunkóhun lára bàálù mi láìjẹ́ pé ojú mìíràn ti wò ó."

Kápútéènì ní, "Ṣé Dára bi ẹ́ léèrè bóyá bí òun ṣe wí lo ṣe yí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo sọ fún un?"

Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Kápútéènì dìde, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde. Àwọn ni yóò jókòó sínú bàálù náà. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

A tú okùn, a tún un yí. Ó gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde. Dára dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka tọ ipa rẹ̀ kí n tó dè é. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ṣí gbogbo ìdérí tí mo ti dé láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo rẹ̀. Mo ṣí i. Kò rí àṣìṣe kankan, kò sì yìn mí. Ìyẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Bẹ́ńtírò tún ti gbówó lórí. Àwọn ọlọ́kadà ń jà nídìí ọ̀rọ̀ náà ní ìyànà.

Ìṣẹ́gun, 4

A tún dán an wò. Kápútéènì jókòó síwájú, ojú wọn le. Dára yí i sí ọ̀tún, ṣítíárìn lọ sí ọ̀tún, jẹ́jẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá, mo ń ké ohun tí mo rí: "Etí apá ọ̀tún ti gòkè." "Ti òsì ti gòkè." Kápútéènì fi agbára di ṣítíárìn mú lòdì sí ẹ̀rọ, mọ́tò náà sì gbà fún ọwọ́ wọn bó ṣe yẹ kó gbà. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń já a, ó já. "Ẹ tún un ṣe." Ó já. "Ẹ tún un ṣe." Mi ò mọye ìgbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

A tan ẹ́ńjìnì. Eruku bo gbogbo wa. Rédíò sọ̀rọ̀ kedere, ẹ̀rọ náà ò sì mira. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, Kápútéènì sọ̀kalẹ̀, wọ́n rìn wá síbi tí mo dúró sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti Ọjọ́rú nìyí: "Nígbà mìíràn tí inú bá ń bí ẹ, lọ jókòó síta. Iṣẹ́ á dúró dè ẹ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Ẹtì, 7

Wọ́n gbé e gòkè. Dára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kápútéènì, ó ń ka ojú ẹ̀rọ. Èmi àti Alhaji wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rédíò. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. A gbọ́ ohùn Kápútéènì: "Mo ti gbé ọwọ́ kúrò." Bàálù náà ń lọ lórí ìlà rẹ̀ lókè oko ẹ̀gẹ́, ó yà sọ́tùn-ún, ó tún tọ́. Alhaji ń dá rẹ́rìn-ín.

Mo wojú ọ̀run títí ọrùn fi ń dùn mí. Inú mi dùn. Mo tún ń jowú ìjókòó tó wà lókè yẹn. Mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè wà nínú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìjà.

Ajé, 10

Mo sin Dára dé Ìdí-Ìrókò. Ó fi Faransé bá awakọ̀ tó ń lọ sí Kùtọnù dúnàádúrà, kíákíá, bí ẹni ń ka ìwé. Mi ò gbọ́ ju "mẹrisí" lọ. Owú tún ta mí díẹ̀. Mo gbé báàgì rẹ̀ sínú bùútù. Ó kúnlẹ̀, mo fà á dìde.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́dún tó ń bọ̀, a máa fi irú ẹ̀rọ yìí sínú bàálù méjì ní Accra. Mo fẹ́ kí ẹ wá bá wa ṣe okùn."

"Lábẹ́ ta?"

"Lábẹ́ mi, sà."

Mo ní n ó rò ó. Ó ní kí n má rò ó pẹ́. Ọkọ̀ wọn gbéra.

Mo gun ọ̀kadà padà. Ọlọ́kadà náà ti ń wò wá látìgbà tí a ti dé, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. "Bàbá, ìyàwó yín ni?"

"Àbúrò mi ni. Bàálù ló ń tún ṣe."

"Obìnrin yẹn?" Ó dín eré kù kó lè gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin ńkọ́, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ kan náà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá mọ̀ ọ́n jù nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní kó máa wo iwájú, kó má lọ gbé wa sí kòtò. Ó yà fún tírélà, ó yà fún àwọn ewúrẹ́ kan, ó sì ti gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. A ti ń wo òrùlé Owódé lọ́ọ̀ọ́kán kí n tó fọwọ́ kàn án léjìká.

Mo ní, "Òun ni."